Ọdún Tí A Fi Koríko Bo Páànù

Nígbà tí mo kéré, tí orí mi kò tíì ga ju ẹnu àmù omi lọ, ilé onípáànù kò wọ́pọ̀ ní Ìlọrin. Ẹ̀yin ọmọ ìsinsìnyí, ẹ má wò mí bí ẹni tó ń pa àlọ́. Koríko bẹẹrẹ ni a fi ń bo ilé nígbà náà. Páànù jẹ́ ti àwọn òyìnbó àti ti ìwọ̀nba ẹni tó rí já jẹ, ọkọ̀ ojú irin ló sì ń kó o wá. Bí oòrùn bá ta sí i, ẹni tó wà lókèèrè á fi ọwọ́ bojú. Ẹni tó bá sì ní i, orúkọ ilé rẹ̀ á yí padà, "ilé onípáànù" ni gbogbo àdúgbò á máa pè é títí ayé.

Bàbá mi fẹ́ kí wọ́n pe tiwa náà bẹ́ẹ̀. Òrí ló ń tà. Ó ń rà á lọ́wọ́ àwọn obìnrin oko ní Òkè-Oyì, ó sì ń tà á fún àwọn tó ń kó o wọ ọkọ̀ ojú irin. Nígbà tí nǹkan ṣẹnuure fún un díẹ̀, ó mọ yàrá kan ṣoṣo fún ìyá mi lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé àtijọ́, ó sì fi páànù bò ó. Ó máa ń fi ìyá mi ṣe yẹ̀yẹ́ pé òjò tó ti ń jò lé e lórí láti ọjọ́ tó ti délé ọkọ ti dópin, kó yáa lọ wá ohun mìíràn tí yóò máa ráhùn sí. Inú ọyẹ́ ni wọ́n kan ìṣó tó kẹ́yìn mọ́ páànù yẹn. Ọyẹ́ kò tíì kásẹ̀ nílẹ̀ tí bàbá mi fi kú. Ibà ló mú un, kò sì pẹ́ lórí ìdùbúlẹ̀. Oyún wà nínú ìyá mi nígbà náà, ó ti hàn lára rẹ̀.

Ẹ̀sìn wa ti sọ bí opó yóò ṣe jókòó. Èyí tí kò lóyún ní iye oṣù tirẹ̀, èyí tó lóyún yóò dúró títí yóò fi bímọ. Ìyẹn ni ti ẹ̀sìn, mi ò sì ní ẹjọ́ kankan bá a. Ṣùgbọ́n agboolé wa ní tirẹ̀ tí wọ́n fi lé e. Wọ́n ní ibi tí a bá tẹ́ ẹní opó sí lọ́jọ́ àkọ́kọ́, ibẹ̀ ni a ó ti ká a. Ẹni tó bá gbé ẹní náà láti yàrá kan sí òmíràn, ó ti ṣílẹ̀kùn fún ikú lẹ́ẹ̀kejì nìyẹn. Wọ́n tún ní ọmọbìnrin kan gbọ́dọ̀ jókòó ti opó láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, kí ó má baà dá nìkan wà pẹ̀lú ìrònú. Mi ò sọ pé bẹ́ẹ̀ ni gbogbo ilé ní Ìlọrin ń ṣe o. Ilé tiwa ni mo ń sọ. Èmi ni àkọ́bí, èmi sì ni obìnrin kan ṣoṣo tí ìyá mi tíì bí nígbà náà. Wọ́n mú àbúrò mi ọkùnrin lọ sọ́dọ̀ àwọn ẹbí ìyá wa ní Òkè-Oyì, wọ́n sì fi èmi sí ìdí ẹní. Kò sẹ́ni tó bi mí léèrè bóyá mo fẹ́.

Ìyá bàbá mi ló mú àṣà yìí le jù. Ìyá àgbà ni a ń pè é, ó láàánú gan-an, ṣùgbọ́n ohun tó bá ti ní kò ní ṣeé ṣe, ẹ lọ sùn, kò ní ṣeé ṣe. Ìdí nìyẹn tí ọ̀rọ̀ yàrá fi di ọ̀rọ̀ ńlá kí wọ́n tó tẹ́ ẹní. Yàrá àtijọ́ ti rà lórí, ògiri rẹ̀ ti sán, ejò ti já bọ́ láti inú koríko rẹ̀ rí. Yàrá tuntun lágbára, ṣùgbọ́n páànù rẹ̀ kò ga, kò sí àjà lábẹ́ rẹ̀, fèrèsé kan ló ní, kò sì tóbi ju ojú abẹ̀bẹ̀ lọ. Ìyá mi ní ọyẹ́ la wà yìí o, ara ń tutù, ṣùgbọ́n báwo ni ibẹ̀ yóò ṣe rí nígbà tí ooru bá dé, tí oyún bá sì ti wúwo?

Ẹni tí wọ́n ní kó dáhùn ni àbúrò bàbá mi. Ẹ jẹ́ kí n sọ ẹni tó jẹ́ fún yín. Alfa ni, ó ń kọ́ àwọn ọmọ ní kéú, orí rẹ̀ sì pé nínú ìṣirò ju ti gbogbo wa lọ. Àwa ọmọdé ń pè é ní Bàbá kékeré. Àwọn òyìnbó ti wá gbé àpótí funfun kan kalẹ̀ nínú ọgbà wọn, ó ní ẹsẹ̀ mẹ́rin, pákó tẹ́ẹ́rẹ́tẹ́ẹ́rẹ́ ni wọ́n fi ṣe ara rẹ̀ kí afẹ́fẹ́ lè máa gbà á kọjá. Inú rẹ̀ ni ọ̀pá dígí kan wà tí wọ́n fi ń wọn ooru. Bí ooru bá ń pọ̀, ohun kan tó ń dán nínú dígí náà á máa gòkè; bó bá ń dín, á máa sọ̀kalẹ̀. Iṣẹ́ Bàbá kékeré ni láti lọ wò ó láàárọ̀ àti lẹ́yìn ìrun àyìlà ní ọ̀sán, kó sì kọ ohun tó bá rí fún òyìnbó. Nígbà tó bá délé, á tún kọ ọ́ fún ara rẹ̀ ní lárúbáwá, sábẹ́ orúkọ oṣù tí a bá wà. Oṣù ojú ọ̀run ni o, èyí tí a ń yọjú wò lókè tí a sì ń kí. Oṣù wo ni a tún mọ̀ nígbà náà?

Ó ti ń ṣe èyí bọ̀ fún ọdún púpọ̀, gbogbo ìlú sì ti mọ̀ ọ́n mọ́ ọn. Ènìyàn á jókòó sábẹ́ igi, òógùn á máa ro tótótó lára rẹ̀, bó bá rí i tó ń kọjá, á béèrè pé, "Alfa, ṣé ooru mú lónìí?" Bí Bàbá kékeré bá ti sọ iye rẹ̀, ẹni náà á mi orí, á wá gbà pé lóòótọ́ ni ooru ń mú òun.

Lọ́jọ́ tí à ń wí yìí, ó kó àwọn ìwé rẹ̀ wá sí ẹnu ọ̀nà, níwájú àwọn tó wá bá wa kẹ́dùn. Oṣù àwẹ̀ ni gbogbo ilé ń bẹ̀rù, nítorí inú rẹ̀ ni oyún yóò ti wúwo jù. Bàbá kékeré mú àkọsílẹ̀ oṣù àwẹ̀ ọdún tó kọjá, ó mú ti ọdún tó ṣáájú rẹ̀, ó ń mú wọn lọ sẹ́yìn bẹ́ẹ̀ títí dé ọdún tí iṣẹ́ náà bẹ̀rẹ̀. Ó ro ooru gbogbo ọjọ́ wọn pọ̀, ó wá pín in dọ́gba sí iye ọjọ́ náà, kí ó lè mọ bí ọjọ́ kan ṣe máa ń rí nínú oṣù àwẹ̀. Ìka rẹ̀ ń sáré lórí iyanrìn bó ṣe ń ṣírò. Àwọn àgbà tẹjú mọ́ ọn bí ẹni tó ń gbọ́ wáàsí. Nígbà tó parí, ó ní kí ìyá mi fọkàn balẹ̀, pé ooru oṣù àwẹ̀ kì í le, pé bí ooru ìgbà òjò ló ṣe máa ń rí.

Alfa àgbàlagbà kan ní Ọlọ́run nìkan ló mọ ohun ìkọ̀kọ̀. Bàbá kékeré ní bẹ́ẹ̀ ni, òun kò sì sọ̀rọ̀ ìkọ̀kọ̀, ohun tó ti ń ṣẹlẹ̀ lójú gbogbo ayé ni òun kà. Ó fi inṣa Allahu dé e lórí. Ìyá àgbà ní alihamudulilahi. Wọ́n sì tẹ́ ẹní opó sínú yàrá onípáànù.

Ní ìbẹ̀rẹ̀, kò burú. Òtútù ọyẹ́ ṣì wà, a sì ń fi aṣọ bora mọ́jú. Ohun tó ń dùn mí ni àìlejáde. Lẹ́yìn àsùbáà àti lẹ́yìn màgàríbì nìkan ni mo lè dé ẹ̀yìnkùlé. Ìyókù ọjọ́, èmi àti ìyá mi la jọ ń wo ògiri. Mo ń gbọ́ ohùn àwọn ẹgbẹ́ mi lóde, mo mọ ẹni tó ń sáré, mo mọ ẹni tó ṣubú, mo mọ ẹni tó ń rẹ́ ẹlòmíràn jẹ nínú ayò, mi ò sì lè dá sí i. Bí mo bá na ọrùn sí fèrèsé, ìbàdí ènìyàn ni mo ń rí. Inú ń bí mi. Mo bínú sí ẹní yẹn bí ẹni pé ó gbọ́ èdè. Ìyá mi mọ̀, ó máa ń di irun mi, á tú u, á tún dì í, kí ọwọ́ àwa méjèèjì má baà dilẹ̀.

Lẹ́yìn náà ni ọyẹ́ lọ. Ẹ̀yin tí ẹ ti ń gbé abẹ́ àjà láti ìgbà tí wọ́n ti bí yín, ẹ kò lè mọ ohun tí páànù lásán ń ṣe. Láàárọ̀ ni yóò ti bẹ̀rẹ̀ sí í dún, kọ́, kọ́, kọ́, bí oòrùn ṣe ń nà án. Bó bá fi máa di ìrun àyìlà, ó ti dà bí ẹni pé wọ́n gbé ìkòkò àsè dé wa mọ́lẹ̀. Igbá òrí kan wà lórí pẹpẹ, ara ohun tí bàbá mi fi sílẹ̀ ni. Òun la fi ń mọ bí ọjọ́ ṣe rí. Lọ́jọ́ tó bá sàn, etí rẹ̀ nìkan ló ń yọ́. Nígbà tó yá, ó ń yọ́ dé ìdajì. Bàbá kékeré ní ọ̀pá dígí tirẹ̀, àwa náà ní òrí.

Ní gbogbo ìrọ̀lẹ́, lẹ́yìn ìrun alásàrì, Bàbá kékeré á wá sí ẹ̀gbẹ́ fèrèsé láti kí wa. Ìyá mi á ní ooru ń mú o, Alfa. Òun náà á ní kó ṣe sùúrù, pé oṣù tó ṣáájú àwẹ̀ ló ń dààmú wa yìí, bí oṣù àwẹ̀ bá ti lé, ara yóò tù wá, ìwé ti sọ bẹ́ẹ̀. Ìyá mi gbà á gbọ́. Nítorí pé ó gbà á gbọ́, kò bẹ ẹnikẹ́ni, kò sunkún sí ẹnikẹ́ni lọ́rùn, kò ránṣẹ́ sí àwọn ènìyàn rẹ̀ ní Òkè-Oyì. Ó ń ka ọ̀sẹ̀. Mo ti wá rò ó dáadáa ní ọjọ́ ogbó mi: ìrètí yẹn dè wá mọ́lẹ̀ ju ẹní lọ.

Oṣù àwẹ̀ lé. Mo gbọ́ ariwo ìdùnnú lóde, èmi náà sì jó nínú yàrá, ìyá mi ń rẹ́rìn-ín mi. Mo rò pé tí ilẹ̀ bá mọ́, atẹ́gùn tútù ni yóò jí wa. Ilẹ̀ mọ́, páànù bẹ̀rẹ̀ sí í dún kí àwọn tó jẹ sààrì tó fọ ẹnu tán. Lọ́jọ́ yẹn, gbogbo òrí inú igbá di omi. Ọjọ́ kejì rẹ̀ tún le jù bẹ́ẹ̀ lọ. Kò sí àmì òjò lójú ọ̀run. Àwọn tó ń gbààwẹ̀ nà gbalaja sábẹ́ igi káàkiri àdúgbò, kò sẹ́ni tó lè sọ̀rọ̀ gùn. Ìyá mi kò gbààwẹ̀ nítorí oyún, ṣùgbọ́n oúnjẹ kò lọ lẹ́nu rẹ̀. Ó máa ń dùbúlẹ̀ sórí ilẹ̀ẹ́lẹ̀, mo máa ń fi aṣọ tútù nù ún lára, kí n tó nù ún dé ẹsẹ̀, orí á ti gbẹ.

Ní ọ̀sán ọjọ́ kan, mo pè é, kò dáhùn. Ojú rẹ̀ là, kò sì wò mí. Mo gbé ọwọ́ lé inú rẹ̀, níbi tí ọmọ ti máa ń ta mí nípàá tí àwa méjèèjì á sì bú sẹ́rìn-ín. Kò sí ohun tó ta mí. Ẹ̀rù tó bà mí lọ́jọ́ náà, kò tíì sí irú rẹ̀ láyé mi, mo sì ti sin ọkọ, mo ti sin ọmọ. Mo fi ọwọ́ méjèèjì lu ilẹ̀kùn, mo ń ké pe Ìyá àgbà.

Ó sáré wọlé. Ó bu omi lé ìyá mi lórí, ó bù ú lé e láyà, ó ń fẹ́ ẹ ní abẹ̀bẹ̀, ó ń ṣe àdúà. Nígbà tó ṣe, ìyá mi mí kanlẹ̀. Ó tún pẹ́ kí inú rẹ̀ tó mì díẹ̀. Mo wólẹ̀, mo di Ìyá àgbà lẹ́sẹ̀ mú, mo ní kó jọ̀ọ́, kó jẹ́ ká lọ sí yàrá àtijọ́, ejò kò ṣe nǹkan kan. Omijé ń bọ́ lójú rẹ̀. Ó ní, "Ikú tó pa ọmọ mi ṣì ń wo ilé yìí. Èmi kọ́ ni n ó gbé ẹní fún un."

Ẹ má bú u. Mo bú u nígbà náà nínú ikùn mi, ṣùgbọ́n ẹ má bú u. Ọmọ rẹ̀ kú, ìyàwó ọmọ rẹ̀ sì fẹ́ kú, àṣà yẹn nìkan ló rò pé òun ní lọ́wọ́.

Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà ni Bàbá kékeré dé, ètè rẹ̀ gbẹ fún àwẹ̀, ó kí wa láti ẹ̀yìn fèrèsé gẹ́gẹ́ bí ìṣe rẹ̀. Ìyá mi kò lè dìde. Ibi tó sùn sí ló ti fọ̀, mo sì ń gbọ́ bó ṣe ń wá èémí láàárín ọ̀rọ̀.

Ó ní, "Alfa, àwẹ̀ ọdún tí mo bí ọmọkùnrin, kí la fi ṣínu?"

Bàbá kékeré rò ó. Ó ní, "Àgbàdo tútù ni. Ẹ̀gbọ́n mi sun púpọ̀ nínú rẹ̀."

Ìyá mi ní, "Àwẹ̀ tèyí ńkọ́? Ta ló ti gbin àgbàdo?"

Ìyá mi fa èémí, ó tún ní,

"Oṣù ń rìn, Alfa. Ṣé ìwé yín náà ń bá a rìn?"

Ẹ̀yin náà ti mọ ohun tó ṣẹlẹ̀. Oṣù ojú ọ̀run kì í dúró de àgbẹ̀. Bí ọdún bá ti yí po, oṣù àwẹ̀ á ti sún sẹ́yìn díẹ̀, yóò máa sún bẹ́ẹ̀ títí yóò fi jáde nínú òjò bọ́ sínú ẹ̀ẹ̀rùn. Ọmọ kékeré ilé mùsùlùmí mọ̀ ọ́n. Ọdún tí wọ́n bí àbúrò mi, inú òjò ni àwẹ̀ wà. Láti ìgbà náà ló ti ń rìn bọ̀ wá bá ooru. Bàbá kékeré ro àwẹ̀ inú òjò pọ̀ lọ́dún lọ́dún, ó pín in dọ́gba, ìṣirò rẹ̀ kò sì ṣì níbì kan, ó wá gbé e lé oṣù ẹ̀ẹ̀rùn lórí. Ọ̀fun gbogbo wa mọ̀ pé àwẹ̀ ń le sí i lọ́dọọdún, a ń sọ ọ́ bí a bá ń ṣínu, ṣùgbọ́n a gbé ọ̀rọ̀ ọ̀fun tì nígbà tí ìwé dé.

Mo yọjú ní fèrèsé. Ó gbé iwájú orí lé ògiri, láwàní rẹ̀ ti fẹ́ bọ́. Ó lọ láìkí wa pé ó dìgbà. A gbọ́ lẹ́yìn náà pé ọ̀dọ̀ Ìyá àgbà ló kọ́kọ́ lọ, ó jẹ́wọ́ fún un pé òun ló ṣi àwọn lọ́nà, kí ó sì jẹ́ kí wọ́n gbé ìyá mi kúrò. Ìyá àgbà ní àṣìṣe rẹ̀ kò ká ẹní.

Ní ọjọ́ kejì, Bàbá kékeré kò lọ síbi àpótí òyìnbó. Kò pa á jẹ rí láti ọjọ́ tí wọ́n ti gbé iṣẹ́ náà fún un. Lẹ́yìn àsùbáà ló ti gba ọ̀nà Òkè-Oyì lọ, nígbà tó sì padà, kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ méjì ló ń tẹ̀ lé e, bẹẹrẹ tí àwọn ará oko ti gé pamọ́ ló kún ẹ̀yìn wọn. Ó gbé àkàbà ti ògiri yàrá wa. Ó ká ẹ̀wù rẹ̀ sókè, ó sì gun orí páànù tó gbóná yẹn pẹ̀lú àwẹ̀ lẹ́nu.

Ẹ wá wo èrò. Àwọn tí kò lè dìde lábẹ́ igi láti àná dìde lọ́jọ́ náà. Ẹnì kan béèrè bóyá oòrùn ti pa Alfa lórí. Ẹlòmíràn ní gbogbo ayé ń ṣí koríko kúrò láti fi páànù sí i, ilé tiwa nìkan ló ń fi koríko bo páànù, ṣé ẹ̀yìn la ó máa rìn ni? Wọ́n rẹ́rìn-ín títí. Mo ń gbọ́ gbogbo rẹ̀ nísàlẹ̀, mo sì ń gbọ́ ẹsẹ̀ rẹ̀ lórí wa, tó ń gbé e sókè kíákíá nítorí páànù ń jó o.

Ìyá àgbà jáde. Ẹ rántí pé páànù yẹn ni ohun tó kẹ́yìn tí ọmọ rẹ̀ ṣe láyé. Ó ké mọ́ ọn pé kí ló ń fi ilé ọmọ òun ṣe.

Bàbá kékeré kò sọ̀kalẹ̀. Ó ní, "Ìyá, ẹ ní ẹní kò gbọdọ̀ kúrò lábẹ́ páànù. Mi ò fọwọ́ kan ẹní. Páànù ni mo ń gbé kúrò lójú oòrùn."

Mo na ọrùn títí ó fẹ́ já. Ìyá àgbà dúró, ó gbé ọwọ́ lérí, ó wo orí ilé, ó wo fèrèsé wa. Lẹ́yìn náà ló bẹ̀rẹ̀, ó gbé ìdì koríko kan, ó sì nà án sókè sí i. Ó tún gbé òmíràn. Nígbà tí àwọn tó ń rẹ́rìn-ín rí i pé arúgbó ń gbé koríko, ojú tì wọ́n, àwọn náà sì sún mọ́ ọn.

Nínú yàrá, mo ń wo àwọn ihò ìṣó tí ìmọ́lẹ̀ ń gbà wọlé bí wọ́n ṣe ń ṣókùnkùn lọ́kọ̀ọ̀kan. Ariwo kọ́, kọ́, kọ́ yẹn dín, ó sì dákẹ́. Ooru kò lọ tán o, ẹ̀ẹ̀rùn ni ẹ̀ẹ̀rùn ń jẹ́, ṣùgbọ́n ìkòkò tí wọ́n fi dé wa ti ṣí. Ìyá mi sùn ní ọ̀sán ọjọ́ kejì, oorun gidi, ó ń hanrun. Mo gbé ọwọ́ lé inú rẹ̀, ọmọ sì ta mí nípàá. Òrí inú igbá ti bẹ̀rẹ̀ sí í dì létí. Mo fi díẹ̀ pa á lẹ́sẹ̀, mo ń sunkún, mi ò sì mọ ìdí rẹ̀ mọ́.

Iṣẹ́ òyìnbó bọ́ lọ́wọ́ Bàbá kékeré nítorí ọjọ́ tí kò lọ yẹn. Wọ́n fi ẹlòmíràn síbẹ̀. Kò ṣàlàyé fún ẹnikẹ́ni, kò sì ráhùn sí wa létí. Ṣùgbọ́n kò sun ìwé rẹ̀ níná. Ó jókòó, ó sì ń bi àwọn obìnrin ilé léèrè, oṣù kan lẹ́yìn òmíràn: lọ́dún lágbájá, nígbà tí oṣù yìí wà lókè, kí ni ẹ̀ ń sè? Ohun tí wọ́n bá sọ ló ń kọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ orúkọ oṣù, àgbàdo tútù, iṣu tuntun, ọyẹ́, òrí. Láti ìgbà náà, bí ẹnikẹ́ni bá bi í bí ooru oṣù tó ń bọ̀ yóò ṣe rí, á kọ́kọ́ béèrè ohun tó wà lóko.

Lẹ́yìn ọdún ìtúnu ni ìyá mi bí. Òjò ń rọ̀ lọ́jọ́ náà, òjò ńlá, àwọn ilé onípáànù yòókù ń pariwo, tiwa ń dún wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́ lábẹ́ koríko. Obìnrin ló bí. Ìyá àgbà fúnra rẹ̀ ló ká ẹní. Wọ́n ní kí n jáde, mo jáde, mo fẹ́ sáré lọ bá àwọn ẹgbẹ́ mi, ẹsẹ̀ mi kò sì rántí bí wọ́n ṣe ń sáré. Mo dúró sínú òjò bẹ́ẹ̀, mo ya ẹnu.

Ayé ti yí padà. Ọ̀dọ̀ ọmọ mi ní àdúgbò Basin, ní Ìlọrin níbí, ni mo ń gbé báyìí. Ọmọ ọmọ mi á tẹ fóònù, á ní màmá, ooru oṣù yìí yóò tó báyìí o. Mo máa ń bi í pé oṣù wo, ti ojú ọ̀run ni àbí ti òyìnbó, kí ló wà lóko? Á rẹ́rìn-ín, á ní màmá ti tún bẹ̀rẹ̀. Kì í ṣe ẹ̀bi rẹ̀. Fóònù rẹ̀ kì í sábà ṣì í, bí ó bá sì ṣì í, kò sẹ́ni tí yóò tìtorí rẹ̀ há sínú yàrá. Wọ́n ti fi amúlétutù sí yàrá mi, ó tutù, mo dúpẹ́, Ọlọ́run á bù kún wọn. Wọ́n ní bí ó bá ń ṣiṣẹ́, fèrèsé gbọ́dọ̀ wà ní títì, ilẹ̀kùn náà gbọ́dọ̀ wà ní títì. Mo gbọ́. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá ti tì í tán, tí wọ́n sì jáde, ohun tó máa ń wá sí mi lọ́kàn ni láti béèrè ẹni tó kú.

Ọmọ tí wọ́n bí lábẹ́ koríko yẹn, àbúrò mi obìnrin, òun náà ti di ìyá àgbà, ọ̀pá ló fi ń rìn. Mi ò sọ ìtàn yìí fún un rí títí ó fi dàgbà, ìyá wa kò sì sọ ọ́. Síbẹ̀, bó bá wá kí mi, tó bá àwọn fèrèsé yàrá ní títì, kì í tíì kí mi tán tó fi máa ń lọ ṣí wọn.